Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Àwọn Astrophytum Mọ̀ Yàtọ̀ Síra Wọn

Ẹ̀yà mẹ́fà péré ló wà nínú ìdílé kákítọ́ọ̀sì tí à ń pè ní Astrophytum, Mẹ́síkò sì ni ilé gbogbo wọn. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, A. asterias (A. ni ìgékúrú Astrophytum), ló tún hù ní òdìkejì odò Rio Grande, ní Starr County ní ìpínlẹ̀ Texas. Mẹ́fà ò pọ̀ jù fún ènìyàn láti dá mọ̀, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì, lọ́jà àti nínú ọgbà àwọn tó ti ń tọ́jú kákítọ́ọ̀sì tipẹ́.

Ohun tó fà á ni àmì funfun wínníwínní tó bo ara wọn. Òun lojú kọ́kọ́ ń rí, òun náà ló sì ń ṣini lọ́nà jù. Àwọn ọlọ́gbìn, pàápàá àwọn ará Japan, ti ń ṣa èyí tó funfun jù gbìn láti ìran dé ìran, wọ́n sì ń ṣa èyí tí kò ní àmì rárá gbìn bákan náà. Nínú ẹ̀yà kan ṣoṣo, ẹ lè rí èyí tó funfun báláú àti èyí tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé lásán. Ohun mẹ́ta ni mo gbà pé ó ṣeé fọkàn tán: bí ojú ẹ̀gún ṣe rí, àwọ̀ tó wà nínú ọ̀fun òdòdó, àti ibi tí èso ti ń là. Àwọn yòókù kàn ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ ni.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín: ara àwọn kákítọ́ọ̀sì yìí pín sí gégélé-gégélé láti orí dé ìdí. Gégélé yẹn ni màá máa pè ní ebè, kòtò tó wà láàárín ebè méjì sì ni poro, bí a ṣe ń pè é lóko. Ojú ni ibi róbótó lórí ebè tí òwú, ẹ̀gún àti òdòdó ti ń yọ.

Ẹ wá awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá; tó bá ti lè mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó tó. Ẹ wá rúlà, búrọ́ọ̀ṣì ìkùn tó rọ̀, àti ìwé tí ẹ ó máa kọ ohun tí ẹ bá rí sí. Ìta ni kí ẹ ti wò ó, ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, nítorí iná inú ilé máa ń yí àwọ̀ padà, èyí á sì dà yín láàmú gan-an tó bá kan òdòdó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ rí i dájú pé Astrophytum ni

Ọrọ́ tí àwọn àgbà fi ń ṣọgbà yí ilé ká kì í ṣe kákítọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lẹ́gùn-ún. Oje funfun tó ń tú jáde lára rẹ̀ fi hàn pé ìdílé mìíràn ló ti wá. Ìbátan ọrọ́ kan wà ní Gúúsù Áfíríkà, Euphorbia obesa, tó rí róbótó, tó sábà máa ń ní ebè mẹ́jọ, tí kò sì lẹ́gùn-ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rà á lérò pé A. asterias ni. Ẹ má ṣe tìtorí oje gún un, nítorí oje yẹn ń ta awọ ara, ó sì léwu fún ẹyinjú. Awò ni kí ẹ fi wo orí ebè rẹ̀. Kákítọ́ọ̀sì á ní ojú tí òwú bò. E. obesa ò ní òwú kankan. Àpá kéékèèké ló tò tẹ̀lé ara wọn sórí ebè rẹ̀, ẹ ó sì tún rí ilà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó dábùú ara rẹ̀.

Èkejì tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni Lophophora williamsii, tí gbogbo ayé mọ̀ sí peyote. Kákítọ́ọ̀sì gidi lòun, ilẹ̀ kan náà sì ni òun àti A. asterias ti ń hù ní gúúsù Texas. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti máa gé peyote fún ìjọsìn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ṣèèṣì gé A. asterias mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìjọba Amẹ́ríkà ti fi A. asterias sára àwọn ohun ọ̀gbìn tó fẹ́ tán láyé láti ọdún 1993. Awọ ara peyote kò ní àmì funfun kankan. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ẹ́ jọ aró ló ní, ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, òwú ojú rẹ̀ gùn ó sì dúró ṣùkù, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ píńkì. Òdòdó Astrophytum tí ọlọ́gbìn kò tíì yí padà máa ń ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ fi ọwọ́ pàtàkì mú èyí, nítorí peyote ní mescaline nínú, ìyẹn oògùn tó ń yí iyè ènìyàn padà, òfin Amẹ́ríkà kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kàn máa gbìn ín bó ṣe wù ú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tún ara rẹ̀ ṣe, kí ẹ wádìí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku orí rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìka nù ún. Àmì funfun yẹn jẹ́ ìdì irun wẹ́wẹ́, ó lè ká kúrò, ibi tó bá sì ti ká kì í padà hù.

Bí ẹ ti ń gbá a, ẹ wo inú poro dáadáa. Kòkòrò funfun kan wà tó fẹ́ràn láti máa fara pamọ́ síbẹ̀ àti sí ìdí òwú ojú, òun náà sì dà bí òwú. Bí ẹ bá fi orí ìgbálẹ̀ kàn án tó sì tẹ̀, omi tó pọ́n díẹ̀ á jáde. Òwú kákítọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ gbẹ, kò lómi. Mo ti rí ẹni tó ń jiyàn pé ẹ̀yà tuntun lòun ní, tó jẹ́ pé kòkòrò ló bo gbogbo ojú rẹ̀.

Tí òdòdó bá wà lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ rà á, ẹ fi ọwọ́ kàn án wò. Àwọn òǹtajà kan máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ òdòdó gbígbẹ mọ́ orí kákítọ́ọ̀sì kó lè tètè tà. Òdòdó Astrophytum gidi ń yọ láti inú ojú tuntun ní àárín orí pátápátá, kì í pẹ́ ju ọjọ́ mélòó kan lọ, kì í sì í gbẹ ganrangan.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe tọ́ ọ. Èyí tí kò rí ìmọ́lẹ̀ tó máa ń na ọrùn sókè, orí rẹ̀ á sì tẹ́ẹ́rẹ́. A. asterias tó ti nà bẹ́ẹ̀ lè jọ A. myriostigma lójú ẹni tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tí wọ́n gé lórí tí wọ́n sì lọ́ mọ́ ara kákítọ́ọ̀sì mìíràn máa ń wú jù, ó sì lè máa yọ ọmọ lára níbi tí kò yẹ. Èyí tí omi ò kàn fún oṣù púpọ̀ máa ń rì wọlẹ̀, ebè rẹ̀ á sì mú ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ kọ gbogbo èyí sílẹ̀ kí ẹ tó wọn ohunkóhun lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìdúró rẹ̀ àti iye ebè

Èyí ò gba àkókò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá ìkòkò dọ́gba, kí ẹ wo bó ṣe dúró, lẹ́yìn náà kí ẹ wò ó láti òkè kí ẹ ka ebè rẹ̀.

A. asterias pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀. Nínú igbó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ lókè ilẹ̀ rárá, kì í sì í fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ebè mẹ́jọ ló sábà máa ń ní, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, poro tóóró ló sì là wọ́n láàárín. A. myriostigma àti A. coahuilense sábà máa ń ní ebè márùn-ún tí orí rẹ̀ mú, tí ẹ bá sì wò wọ́n láti òkè, ìràwọ̀ ni wọ́n jọ. A. capricorne àti A. ornatum sábà máa ń ní mẹ́jọ. A. ornatum ló ga jù nínú gbogbo wọn; èyí tó ti dàgbà dáadáa lè kọjá mítà kan, ebè rẹ̀ a sì máa lọ́ yí ara rẹ̀ ká.

A. caput-medusae kò lébè rárá. Ìka tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ló yọ láti ìdí rẹ̀, àmì funfun sì bo àwọn ìka náà. Ní ọdún 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀, láti ìpínlẹ̀ Nuevo León, orúkọ tí wọ́n sì fún un nígbà yẹn ni Digitostigma caput-medusae. Bí ẹ bá rí orúkọ yẹn lára lébẹ́ẹ̀lì, òun kan náà ni. Kò sí ẹni tó máa ṣì í pè, nítorí náà mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ mọ́ títí màá fi dé orí òdòdó.

Ẹ má ṣe dúró lórí iye ebè. A. myriostigma oníèbè mẹ́rin wà, oníèbè mẹ́ta náà wà, àwọn tó ti dàgbà sì lè fi ebè kún èyí tí wọ́n ní.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ojú àti ẹ̀gún

Ibi yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ gbé awò sí orí ebè kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú tó wà lókè, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú òkè ló ń fi hàn bí kákítọ́ọ̀sì náà ṣe rí gan-an; tìsàlẹ̀ ti gbó, ẹ̀gún rẹ̀ lè ti já, òwú rẹ̀ lè ti ṣí.

Bí ẹ bá rí ẹ̀gún tó dúró gbọingbọin, tó tọ́, tó le, tó mú, tí àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìyeyè tó sì ń di àwọ̀ ilẹ̀ bó ṣe ń dàgbà, A. ornatum ni. Ẹ̀gún bíi márùn-ún sí mọ́kànlá ló máa ń wà lójú kan. Ó máa gún yín.

Bí ẹ̀gún rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tó rọ̀, tó ń lọ́ sọ́tùn-ún sósì, tó sì wé mọ́ ara wọn lókè orí, A. capricorne ni. Ẹ fi orí ìka yín tẹ ọ̀kan: ó máa tẹ̀, kò ní gún yín. Oríṣiríṣi A. capricorne ló wà, àwọn kan ní ẹ̀gún tó nípọn, àwọn kan ní ẹ̀gún púpọ̀ tó dúdú tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gún gbogbo wọn ló ń lọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gún tó tọ́ gbọnrangandan jákèjádò kì í ṣe tiwọn.

Bí kò bá lẹ́gùn-ún rárá, ó ku mẹ́ta: asterias, myriostigma àti coahuilense. Ẹ wo ibi tí ojú wà lórí ebè. Ti A. asterias wà láàárín ebè tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó tóbi, ó rí róbótó, òwú rẹ̀ yọ sókè, àlàfo tó hàn dáadáa sì wà láàárín ojú kan àti èkejì. Ti A. myriostigma àti ti A. coahuilense wà ní ṣóńṣó orí ebè tó mú, wọ́n kéré, wọ́n sún mọ́ra débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí ojú tó tóbi tó sì jìnnà síra lórí ebè tó tẹ́, asterias ni, kódà bó bá ti na ọrùn, kódà bó bá ní ebè mẹ́fà tàbí méje.

Ọmọ A. myriostigma tuntun lè ní ẹ̀gún kéékèèké díẹ̀ tó máa já dànù nígbà tó bá dàgbà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ wo ojú tó wà lókè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọ̀fun òdòdó

Ọ̀sán ni òdòdó wọn ń ṣí. Ẹ dúró títí tó fi ṣí tán, lẹ́yìn náà kí ẹ wo inú rẹ̀ láti òkè, nítorí láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo wọn ló jẹ́ ìyeyè.

Bí ìdí àwọn ewé òdòdó nínú lọ́hùn-ún bá jẹ́ pupa tàbí àwọ̀ ọsàn, ẹ wà láàárín asterias, capricorne, coahuilense àti caput-medusae. Bí ìyeyè náà bá mọ́ láti etí dé ọ̀fun, myriostigma tàbí ornatum ni.

Ìpín yìí bá ilẹ̀ tí wọ́n ti wá mu, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tí ọ̀fun wọn pupa jẹ́ ará àríwá: Coahuila, Durango, Nuevo León, Tamaulipas, Texas. A. ornatum jìnnà sí wọn ní gúúsù, ní Hidalgo àti Querétaro, nínú àwọn àfonífojì bíi ti Metztitlán. A. myriostigma wà láàárín, San Luis Potosí sì ni ó gbilẹ̀ sí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dé Tamaulipas àti Nuevo León. Nítorí náà, bí lébẹ́ẹ̀lì bá sọ pé láti Querétaro ni irúgbìn ti wá, tí òdòdó tí ẹ rí sì ní ọ̀fun pupa, ọ̀kan nínú méjèèjì kì í ṣe òótọ́.

Àwọn kan nínú A. capricorne, pàápàá àwọn tí ẹ̀gún wọn nípọn, lè ní òdòdó tó jẹ́ ìyeyè pátá. Ẹ̀gún wọn ló máa fi wọ́n hàn. Àwọn ọlọ́gbìn sì ti mú A. asterias tí òdòdó rẹ̀ pupa tàbí tó jẹ́ píńkì jáde. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú igbó, nítorí náà tí ẹ bá rí i, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ti bọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Èso, àti ẹjọ́ myriostigma pẹ̀lú coahuilense

Nínú gbogbo ìdílé yìí, àwọn méjì yìí ló ṣòro jù. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ kà A. coahuilense sí oríṣi A. myriostigma lásán. Mi ò fara mọ́ ọn, èso wọn ló sì jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí èso A. myriostigma bá gbó, ó máa ń gbẹ, orí rẹ̀ á sì là sí ọ̀nà mélòó kan bí ìràwọ̀, tí ẹ ó fi rí kóró dúdú tó ń dán nínú rẹ̀ láti òkè. Èso A. ornatum náà ń là lókè bẹ́ẹ̀. Èso A. coahuilense máa ń pọ́n, ó máa ń rọ̀, kì í sì í là lókè: ìdí rẹ̀, níbi tó ti lẹ̀ mọ́ ara kákítọ́ọ̀sì, ni ó ti ń ya. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, odindi èso lè bọ́ sílẹ̀, kí kóró sì ṣẹ́ kù sínú òwú. A. capricorne àti A. asterias náà ń ya nídìí. Ẹ ò rí i pé bí òdòdó ṣe pín wọn ni èso náà pín wọn?

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ nílò èso, Astrophytum kan ṣoṣo kì í sì í dá so. Ẹ nílò méjì tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà, tí kì í ṣe pé wọ́n gé ọ̀kan lára èkejì, tí wọ́n sì tanná lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó mọ́ bu lẹ́búlẹ́bú òdòdó kan, kí ẹ fi kan àárín òdòdó kejì, níbi tó la ẹnu bí ìràwọ̀ kékeré. Ẹ ṣe é lọ́sàn-án nígbà tí òdòdó ṣí dáadáa, kí ẹ sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì bí wọ́n bá ṣì ṣí. Ẹ má ṣe lo búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi kan ẹ̀yà mìíràn, kí ẹ sì gbé àwọn méjèèjì kúrò níbi tí oyin ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ó bá gbà, ìdí òdòdó á wú nínú òwú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ má ṣe já a. Ẹ fi sílẹ̀ kó là fúnra rẹ̀, nítorí ibi tó ti là gan-an ni ẹ̀rí tí ẹ ń wá.

Kí èso tó dé, nǹkan méjì mìíràn lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ fi awò wo àmì funfun: ti A. coahuilense kéré, ó sì kún wìtìwìtì débi pé ẹ ò ní rí àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á sì jọ eérú. Tí ẹ bá rọra fi ẹ̀yìn ìka kàn án, ó rọ̀. Ti A. myriostigma tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fọ́nká, tí ẹ fi lè ka wọn lábẹ́ awò. Èkejì ni ọ̀fun òdòdó tí mo ti sọ. Tí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò, ẹ lè kọ orúkọ sí i pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Èso ló máa jẹ́ kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú bírò.

Ìgbésẹ̀ keje: Àmì funfun, àti orúkọ àwọn tí ọlọ́gbìn dá

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ ẹ̀yà rẹ̀, ẹ lè wo àmì funfun, nítorí ó wúlò láti mọ irú èyí tó jẹ́ láàárín ẹ̀yà náà. 'Super Kabuto' jẹ́ A. asterias tí àmì rẹ̀ tóbi tó sì kún ara rẹ̀ débi pé ó funfun ju àwọ̀ ewé lọ. 'Onzuka' jẹ́ A. myriostigma tí àmì rẹ̀ so pọ̀ di ìlà àti àwòrán. 'Kikko' jẹ́ A. myriostigma tí ebè rẹ̀ gé sí wẹ́wẹ́ níbi tí ojú kọ̀ọ̀kan wà. Japan ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ nudum tẹ̀lé orúkọ kan, èyí tí kò ní àmì ni wọ́n ń sọ. Quadricostatum sì ni oníèbè mẹ́rin. Kò sí ìkankan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí tó jẹ́ ẹ̀yà tuntun, nítorí náà ẹ má san owó ẹ̀yà tuntun lé wọn lórí.

Tí ẹ bá fura pé àdàlù ni

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà yìí ń gba lẹ́búlẹ́bú ara wọn, àwọn ọlọ́gbìn sì ń mọ̀ọ́mọ̀ dà wọ́n pọ̀. Lébẹ́ẹ̀lì àdàlù sábà máa ń ní ìgékúrú orúkọ méjèèjì, bíi CAP-AS tàbí MY-AS. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ti sọnù, ẹ wá àmì tó ta ko ara wọn. Ara pẹlẹbẹ bíi ti asterias tó tún ní ẹ̀gún díẹ̀ tó rọ̀ tó ń lọ́ lójú kan tàbí méjì: capricorne wà níbẹ̀. Ebè tó mú bíi ti myriostigma, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ tóbi tó sì jìnnà síra, tí ọ̀fun òdòdó rẹ̀ sì pupa: asterias wà níbẹ̀. Ẹ̀gún kúkúrú tó le lórí ebè márùn-ún tàbí mẹ́fà: ornatum pẹ̀lú myriostigma.

Àdàlù tí wọ́n tún dà pọ̀ mọ́ àdàlù kò ṣeé tú mọ́. Ẹ kọ “Astrophytum, àdàlù” sí i, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lágbára ju àwọn òbí wọn lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ má ta kóró rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lórúkọ ẹ̀yà kan, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ orúkọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ tuntun

Kóró Astrophytum ń tètè hù, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, gbogbo wọn jọra. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín sọ orúkọ ọmọ tí kò tíì tó orí àtàǹpàkò. Ọmọ A. ornatum ló ń ṣini lọ́nà jù, nítorí àmì funfun rẹ̀ lè pọ̀ gan-an ní kékeré kí ẹ̀gún rẹ̀ tó hàn dáadáa, òun ló sì ń pẹ́ jù kó tó tanná. Bí ẹ bá gbin kóró láti ibi méjì sínú abọ́ kan, àárín ni kí ẹ fi nǹkan là, kì í ṣe lébẹ́ẹ̀lì nìkan, nítorí omi lè gbé kóró láti apá kan sí èkejì lọ́jọ́ tí ẹ gbìn ín.

Rírà àti kíkọ lébẹ́ẹ̀lì

CITES ni àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ohun ọ̀gbìn inú igbó. A. asterias wà nínú ìpele kìíní rẹ̀, èyí tó le jù, àwọn ẹ̀yà ìdílé yìí yòókù sì wà lábẹ́ ìpele kejì. Kò sí ìdí kankan láti ra èyí tí wọ́n wú nínú igbó, nítorí wọ́n ń fi kóró gbin púpọ̀ nínú wọn káàkiri ayé. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa hàn bí wọ́n bá wú u: ìdí rẹ̀ á ti di èèpo igi, àpá á wà lára rẹ̀, á dúró wọ́rọ́kọ́, gbòǹgbò rẹ̀ á sì ti gé. Ìdí tó di èèpo nìkan kò tó láti fi dájọ́, nítorí èyí tó dàgbà nínú ìkòkò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń rà á láti òkè òkun, ẹ béèrè ìwé àṣẹ CITES àti ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn kí ẹ tó san owó.

Bí òǹtajà bá jìnnà, ẹ ní kó ya àwòrán mẹ́rin fún yín: láti òkè gan-an, láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú òkè láti ìtòsí, àti inú òdòdó bó bá wà. Àwòrán kan ṣoṣo láti òkè kò lè fi asterias hàn yàtọ̀ sí MY-AS.

Lébẹ́ẹ̀lì méjì ni kí ẹ máa ṣe, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nínú iyẹ̀pẹ̀ lábẹ́ ìkòkò níbi tí òòrùn ò ti ní pa inki rẹ̀ rẹ́. Pẹ́ńsùlù ń pẹ́ ju ọ̀pọ̀ bírò lọ lára ike, ṣùgbọ́n bírò tí òòrùn kì í pa wà tí ẹ bá rí i rà. Ẹ kọ orúkọ, ẹni tí ẹ ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún, àti ìlú tí irúgbìn ti wá bí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín. Bí lébẹ́ẹ̀lì àtijọ́ bá ní Echinocactus asterias tàbí Echinocactus ornatus, ẹ má ṣe jù ú nù: orúkọ tí àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ń jẹ́ kí wọ́n tó kó wọn wá sínú Astrophytum ni. Ẹ fi sílẹ̀ nínú ìkòkò, kí ẹ fi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbi tí ẹ kò bá tíì dájú, ẹ fi “cf.” síwájú orúkọ ẹ̀yà, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣe, Astrophytum cf. coahuilense, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ń dúró dè sí ẹ̀yìn lébẹ́ẹ̀lì náà: òdòdó, tàbí èso.